Ìjàkadì Làǹbẹ́ Ọmọ Ìlàdó

Ta ló mọ̀ nínú yín, ìdí tí àwọn àgbà fi ń sọ pé ìdọ̀bálẹ̀ kì í ṣe ìwà? Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Odindi orílẹ̀-èdè kan ló sunkún kí ọ̀rọ̀ yìí tó dòwe.

Láyé ìgbà kan, orílẹ̀-èdè mẹ́ta tó bá ara wọn pààlà, Ìlàdó, Ògbàrá àti Kúṣe, a máa pàdé lọ́dọọdún láti figagbága nínú eré ìdárayá. Lọ́dún tí mò ń wí yìí, Ìlàdó pàdánù eré sísá, wọ́n pàdánù fífò sókè, ọkọ̀ wọn sì rì nínú ìdíje ọkọ̀ wíwà. Ìjàkadì nìkan ló kù, Làǹbẹ́ ni gbogbo wọn sì gbójú lé. Ìyá rẹ̀ ti gbá igun kan mọ́ nílé, níbi tí ife-ẹ̀yẹ máa jókòó sí.

Ẹni tó bá gbé ẹnìkejì ṣánlẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì ló ni ife. Làǹbẹ́ gbé Tónà, ọmọ Ògbàrá, bí ẹni gbé iṣu, ó fi í lulẹ̀ gbì! Ó ku ẹ̀ẹ̀kan.

Wọ́n tún kojú ara wọn. Ni Tónà bá dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Ẹ̀gbọ́n, mo júbà. Ẹ jù mí lọ."

Inú Làǹbẹ́ yọ́. Kò sí ọmọdé tó kí i báyìí rí nílé. Ó na ọwọ́ sí i. "Dìde, ọmọ dáadáa. Ìwọ náà á dàgbà, wàá..."

Tónà gbá a lẹ́sẹ̀ méjèèjì mú. Kí àdúrà tó parí, ojú ọ̀run ni Làǹbẹ́ ń wò.

Ó wá di ọ̀kan sí ọ̀kan. Tónà tún ti wà nílẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ foríjì mí. Iṣẹ́ Èṣù ni."

"Má fọwọ́ kàn án o!" Olùkọ́ Làǹbẹ́ ló ké bẹ́ẹ̀.

Làǹbẹ́ káwọ́ sẹ́yìn, ó gbójú sókè. Tónà yí sọ́tùn-ún, ó yí sósì, iyanrìn kún un lẹ́nu. Èrò ìwòran bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Ohùn kan wá ta jáde láàrin wọn, Làǹbẹ́ sì ti mọ olóhùn kó tó wẹ̀yìn.

"Làǹbẹ́! Ọmọ ọlọ́mọ ń bẹ̀ ọ́ nínú iyanrìn, o dúró gbagidi bí òpó! Ṣé bí mo ṣe kọ́ ọ nìyẹn?"

"Ìyá mi, ẹ jọ̀ọ́, ìjàkadì ni!"

"Gbé e dìde, kí n tó wá bá ọ níbẹ̀!"

Kí lọmọ yóò ṣe? Làǹbẹ́ mí kanlẹ̀. Ó tẹ̀ ba pẹ̀lú omi lójú, ó na ọwọ́.

Gbì!

Bí Tónà ti gba ife tán, ọ̀dọ̀ ìyá náà ló gbà lọ tààrà. "Ẹ ṣeun, màmá." Ó ti ń gbé àyà lọ sílẹ̀.

Ìyá Làǹbẹ́ ká ìró sókè, ó fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Ìta pápá ló ti ń ké padà:

"Dúró síbẹ̀! Má wulẹ̀ kí mi! Ìdọ̀bálẹ̀ kì í ṣe ìwà!"