Ahọ́n Wúrà àti Fíláàsì Ìyá Rẹ̀

Ẹ̀yin tí ẹ rò pé aládùúgbò yín mọ fáàrí ṣe, ẹ fà sẹ́yìn díẹ̀, tèmi ń bọ̀. Ẹlòmíràn a máa fi ilé yangàn, ẹlòmíràn a máa fi ọmọ yangàn. Tọkùnrin yìí, ahọ́n ni! Ó ní bí òun bá tọ́ ọbẹ̀ wò báyìí, òun á sọ ọwọ́ tó lọ ata rẹ̀, òun á sì sọ bóyá inú ẹni náà dùn nígbà tó ń lọ̀ ọ́. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ ara rẹ̀ ní Ahọ́n Wúrà. Àwa náà ń pè é bẹ́ẹ̀, a kàn ń fi ẹ̀rín pa mọ́ sábẹ́ ètè ni.

Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa fi ẹ̀rọ fẹ́ ọ̀dà sára mọ́tò. Bó bá ti tan ẹ̀rọ náà, gbogbo ẹni tó wà nínú ọgbà iṣẹ́ wọn ló máa ń wá aṣọ bo imú. Ahọ́n Wúrà ńkọ́? Imú gbalasa! Mẹkáníìkì tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ kìlọ̀ fún un títí ó fi rẹ̀ ẹ́.

"Ọ̀rẹ́, bo imú rẹ. Ọ̀dà yìí ń pa imú o."

"Imú ọ̀lẹ ni wọ́n ń bò," ni Ahọ́n Wúrà ń wí. "Imú tèmi, irin ni!"

Imú irin lóòótọ́. Ẹ bá mi wá irin tó ń gbọ́ òórùn.

Aránṣọ ni ìyàwó rẹ̀, ó ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan níwájú ilé. Ògiri kan ṣoṣo ló wà láàárín tèmi àti tiwọn, nítorí náà mo mọ ohun tí mò ń sọ: obìnrin yẹn mọ ọbẹ̀ sè. Bó bá da àlùbọ́sà sínú epo gbígbóná, ńṣe ni mo máa ń gbé àga mi sún mọ́ ògiri. Àìmọye ìgbà ni mo ti fi òórùn ọbẹ̀ rẹ̀ jẹ búrẹ́dì gbígbẹ.

Àfi bí ọkọ rẹ̀ ṣe dédé yí padà lọ́dún tó kọjá. Á jókòó sídìí oúnjẹ, á di ojú méjèèjì bí ẹni tó ń gbàdúrà, á tọ́ ọbẹ̀ wò, á pòṣé.

"Kò níyọ̀!"

Ìyàwó á fi iyọ̀ sí i.

"Kò níyọ̀, mo ní! Ṣé omi ìfọwọ́ lo bù fún mi ni? Ọwọ́ rẹ ti kú. Áà, ọwọ́ ìyá mi! Ọwọ́ ìyá mi ni wọ́n ń pè lọ́wọ́!"

Iyọ̀ wá pọ̀ nínú ọbẹ̀ ilé yẹn débi pé ọmọbìnrin wọn kékeré á mu omi títí ikùn rẹ̀ á fi máa dún gbọ̀lọ̀gbọ̀lọ̀. Inú bí mi. Kí ló kan ọmọ nínú ìṣòro ahọ́n bàbá rẹ̀?

Ìtìjú kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ níta. Ìyàwó onílé wa fún un ní ìrẹsì lọ́jọ́ kan. Ó di ojú, ó tọ́ ọ wò, ó sì da gbogbo iyọ̀ orí tábìlì lé e lórí lójú gbogbo wa. Ó ní, "Ẹ ṣé o, Màmá. Ẹ kò sè é dáadáa, ṣùgbọ́n mo ti bá yín tún un ṣe." Obìnrin náà gba àwo rẹ̀ padà lọ́wọ́ rẹ̀, ó gba ṣíbí pẹ̀lú.

Lẹ́yìn èyí, ìyàwó rẹ̀ lọ gbé aṣọ fún oníbàárà, ó ní kó bá òun mójú tó ẹ̀wà lórí iná. Ọ̀gá lọ jókòó sí pálọ̀, ó ti ìlẹ̀kùn, ó ń gbọ́ bọ́ọ̀lù lórí rédíò. Òórùn ẹ̀wà tó ń jó gba ara ògiri wọlé bá mi, ó dé ojú títì, àwọn tó ń kọjá ń bo imú. Mo sáré lọ kan ìlẹ̀kùn.

"Ẹ̀wà yín ń jó o!"

"Ẹ̀wà wo? Ta ló gbọ́ òórùn rẹ̀?"

"Gbogbo àdúgbò!"

"Ìlara ni! Bó bá ń jó, ṣé imú tèmi kò ní kọ́kọ́ mọ̀ ni?"

Ìgbà tí a fi máa ṣí ilé ìdáná, a kò rí ìkòkò mọ́. Àwọn àgbà ní ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Ẹ̀wà tiwọn tó jó, èéfín ló bù sí i. Ẹ sì mọ ohun tí aláìnítìjú yìí wí nígbà tí ìyàwó dé? Ó ní ìyàwó ló lọ ra irú ẹ̀wà tó máa ń jó ní bòókẹ́lẹ́.

Ọjọ́ yẹn ni ìyàwó fèsì pé ọwọ́ òun kò kú rárá. Ìwọ̀nba ni èèyàn lè gbé mì. Ni ọkọ bá fò dìde.

"Ó dáa! Ìyá mi ń bọ̀ lọ́jọ́ Àìkú. Èmi á sè, ìwọ náà á sè. Bí ìyá mi bá ní tèmi dùn ju tìrẹ lọ, wà á ti ṣọ́ọ̀bù yẹn pa, wà á sì tẹ̀ lé wọn lọ sílé, kí o lọ kọ́ ọbẹ̀ sísè láti ìbẹ̀rẹ̀!"

"Tó bá jẹ́ pé tèmi ló dùn ńkọ́?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Tìrẹ kẹ̀! Mo búra, n kò ní la ẹnu sọ̀rọ̀ oúnjẹ mọ́ nínú ilé yìí láéláé."

Ìyàwó wá bá mi pẹ̀lú omijé lójú. "Ẹ̀gbọ́n, ṣọ́ọ̀bù yẹn ni gbogbo ohun tí mo ní. Ìyá ọkọ mi ni adájọ́, ọmọ wọn sì ni ọkọ mi." Ẹ̀rù bà mí fún un, n kò purọ́.

Nígbà tó di ọjọ́ Àìkú, èmi àti mẹkáníìkì wá jókòó gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí. Bí ìyàwó ti sè tirẹ̀ tán, Ahọ́n Wúrà lé gbogbo èèyàn kúrò nílé ìdáná. Á bu iyọ̀, á tọ́ ọ wò, á di ojú, á tún bu iyọ̀. Ata náà kò sinmi. Ìyá rẹ̀ dé pẹ̀lú báàgì kan, ó jókòó, wọ́n sì gbé ọbẹ̀ ìyàwó síwájú rẹ̀ pẹ̀lú ìrẹsì. Màmá jẹ ẹ́. Ó tún bù sí i. Ó lá ìka.

Wọ́n gbé tọmọ rẹ̀ wá. Wọ́n ní ọbẹ̀ kì í mì níkùn àgbà. Ẹ̀yin èèyàn mi, èyí mì! Màmá di tábìlì mú, omi ń bọ́ lójú rẹ̀.

"Ọmọ mi, ṣé òkun lo bù sínú ìkòkò ni?"

Mẹkáníìkì tọ́ ọ wò, ó sì tu ú sínú áńkáṣíìfù. "Ọ̀rẹ́, èyí á bó ọ̀dà lára mọ́tò o."

Ẹni tó bá nítìjú, ibẹ̀ ni ì bá dákẹ́ sí. Ahọ́n Wúrà fọwọ́ lu tábìlì.

"Ọbẹ̀ burúkú ti ba ahọ́n gbogbo yín jẹ́! Ẹ jẹ́ kí n fi ọbẹ̀ gidi hàn yín!" Ó ti rí fíláàsì pupa kan tó yọrí nínú báàgì ìyá rẹ̀. Ó fà á yọ. "Ṣé ẹ rí i? Ìyá mi kò lè wá bá mi lọ́wọ́ òfo. Omi ẹran tí wọ́n máa ń sè fún mi ní kékeré nìyí!"

"Ọmọ mi, dúró ná, ìyẹn..."

"Màmá, ẹ jẹ́ kí wọ́n rí i!"

Ó ṣí i, ooru rú jáde. Ó di ojú rẹ̀ pa, ó sì gbé e kọ́ ẹnu.

"Háà! Ẹ gbọ́ adùn! Egungun ẹran ló tú omi rẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ báyìí. Àlùbọ́sà wà níbẹ̀. Iyọ̀ rẹ̀ gún régé! Ìwọ ìyàwó, gbà, tọ́ ọ wò, kí o mọ ohun tí wọ́n ń pè ní ọbẹ̀!"

Ìyàwó tọ́ ọ wò. Ó wo ìyá ọkọ rẹ̀, ó sì na fíláàsì sí mi. Mo tọ́ ọ wò, mo na án sí mẹkáníìkì. Ẹnu tí ìgbín fi bú òrìṣà ló fi ń wọ́lẹ̀ tọ̀ ọ́ lọ; ẹnu tí tiwa yìí fi bú ọbẹ̀, ohun tó fi mu, ó di ọwọ́ ìyá rẹ̀ láti sọ.

"Omi gbígbóná ni," ni màmá wí. "Omi gbígbóná tí mo fi ń lo oògùn mi."

Mẹkáníìkì fa ìbòmú kan yọ lápò, ó rọra gbé e síwájú ọ̀rẹ́ rẹ̀. "Imú irin," ló wí.

Ahọ́n Wúrà la ẹnu. Ìyàwó rẹ̀ gbé ìka kan sókè.

"Olówó orí mi, ẹ ti búra."

Ó pa ẹnu dé. Ìyàwó bá gba fíláàsì, ó kúnlẹ̀ níwájú ìyá ọkọ rẹ̀.

"Màmá, ẹ jẹ́ kí n lọ gbé omi míràn kaná fún yín."

"O ṣé, ìyàwó mi," ni màmá dáhùn. "Ṣùgbọ́n má jẹ́ kí ọkọ rẹ sún mọ́ ọn o. Ó lè ní kò níyọ̀."