Òwú Pupa Tí Mo Fi Yí Ọjà Ọba Ká

Ọjọ́ kan wà tí kò tíì tán lọ́kàn mi, mi ò sì rò pé yóò tán kí wọ́n tó bò mí mọ́lẹ̀: ọjọ́ tí èmi àgbà ọkùnrin, tí mo bímọ, tí ọmọ mi bímọ, fi òwú pupa di Ọjà Ọba mọ́lẹ̀ ní Adó-Èkìtì, tí ẹni tó fẹ́ rà kò lè rà, tí ẹni tó fẹ́ tà kò lè tà. Ẹni tó bá ní irọ́ ni, kó lọ bi wọ́n lọ́jà. Ìwé mẹ́fà péré ni mo kà, wọn ò sì kọ́ mi ní irọ́ níbẹ̀. Fúnra mi ni mo kọ́ ọ.

Ògógóró ló fà á. Mo ti ń mu ún kí irùngbọ̀n tó hù ní àgbọ̀n mi. Ẹ̀fọn tó bá jẹ mí ní Ìyìn, ìlú wa, kì í lè fò padà délé. Àwọn ẹbí rẹ̀ ni wọ́n ń wá gbé e. Ṣùgbọ́n ọjọ́ ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì wa ni ọ̀rọ̀ bàjẹ́ pátápátá. Mo sùn lọ sórí òkìtì iṣu tí wọ́n kó síwájú pẹpẹ, ìgbà tí mo sì lajú, wọ́n ti ń ta èmi àti iṣu pọ̀ ní gbàǹjo. Ẹnikẹ́ni ò nawọ́ sí mi. Ìyàwó mi, Ìyá Dúpẹ́, dìde láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ó lọ sílé, ó di ẹrù rẹ̀, ó kó tọ ọmọ wa Dúpẹ́ lọ sí àdúgbò Adébáyọ̀ ní Adó, kí ó lè máa ti ibẹ̀ lọ ta gaàrí rẹ̀ ní Ọjà Ọba.

Nígbà tí mo lọ bẹ̀ ẹ́, ẹnu ọ̀nà ló dá mi dúró sí. Ó ní, "Bàbá Dúpẹ́, ọjọ́ tí o bá wá, tí mi ò gbóòórùn ọtí lẹ́nu rẹ, tí ọwọ́ rẹ sì dúró jẹ́ẹ́, ọjọ́ náà ni a ó sọ ọ́ bóyá mò ń bọ̀ tàbí mi ò bọ̀."

Mo dá ọtí dúró. Ẹnu gbà, ọwọ́ ni kò gbà. Ọwọ́ mi ń wá ife kiri bí ọmọ tí ìyá rẹ̀ lọ sódò. Mo jókòó, mo dìde, mo dé ẹnu ọ̀nà, mo padà, mo tún dìde. Ọwọ́ náà ń gbọ̀n débi pé àwọn adìẹ ilé wa mọ̀ ọ́n: bí mo bá ti ń jẹun, wọ́n á tò sábẹ́ ìgbọ̀nwọ́ mi, wọ́n á gbójú sókè, wọ́n á máa retí.

Ìgbà náà ni ẹnì kan júwe Mama Tíṣà fún mi. Ìyá àgbà kan ni, tó ti fẹ̀yìntì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́. Ní gbogbo ọjọ́ Túsìdeé, ó ń kó àwa tí ọtí àti oògùn olóró ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí jọ sí yàrá kan lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì ní Adó, ó ń kọ́ wa ní kúróṣẹ̀: wúùlù àti abẹ́rẹ́ kan ṣoṣo tí orí rẹ̀ tẹ̀ bí ìwọ̀ ẹja, irú èyí tí àwọn obìnrin fi ń hun fìlà ọmọ tuntun. Mo ní iṣẹ́ obìnrin ni, mi ò ṣe. Mama Tíṣà wò mí láti òkè awò ojú rẹ̀, ó ní kí n wo igun yàrá. Dírẹ́bà àgbà kan wà níbẹ̀, tí apá rẹ̀ tó itan mi, ó ń hun ṣọ́kìsì ọmọ ọwọ́, ó sì yọ ahọ́n síta bí ọmọ tó ń kọ A, B, D. Mo jókòó.

"Bí òùngbẹ bá dé, Bàbá, ẹ má bá a jà," ni Mama Tíṣà wí. "Ẹ ki ìwọ̀ bọ òwú, ẹ hun ogún ojú. Bí kò bá tíì lọ, ẹ hun ogún mìíràn. Òùngbẹ ò ní sùúrù tó òwú."

Ó tún máa ń tẹnu mọ́ nǹkan kan: bí a bá ti gé òwú, kí a so ẹnu iṣẹ́ wa kí a tó dìde, torí bí a kò bá so ó, tí nǹkan sì fa ìdí òwú náà, gbogbo ohun tí a hun ni yóò tú. Èyí gba etí ọ̀tún mi wọlé, ó gba tòsì jáde.

Ní Ìyìn, mo fi iṣẹ́ náà pamọ́. Mo sọ fún àwọn ará àdúgbò pé àwọ̀n òkété ni mò ń hun. Wọ́n ní ṣé wúùlù pupa ni wọ́n fi ń mú òkété? Mo ní òkété kì í mọ àwọ̀. Wọ́n gbà mí gbọ́. Ẹnì kan tilẹ̀ ní kí n bá òun hun kan.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méje tí ẹ̀kán ọtí kan kò gba ọ̀nà ọ̀fun mi kọjá, ìborùn kan ti wà nílẹ̀ fún Ìyá Dúpẹ́. Kò gún. Apá kan gùn ju èkejì lọ, àárín rẹ̀ sì kákò bí ẹni tí inú ń rún. Ṣùgbọ́n ojú kọ̀ọ̀kan tó wà níbẹ̀, ife kan tí mi ò mu ni. Mo wọ ọkọ̀ ní Ìyìn láàárọ̀, mo ní màá parí etí rẹ̀ lójú ọ̀nà.

Ara mi ò balẹ̀. Kí ni màá kọ́kọ́ wí? Ṣé kí n dọ̀bálẹ̀ ni? Bó bá ní òun ò bọ̀ ńkọ́? Òùngbẹ gbọ́ bí mo ṣe ń rò ó, ó bá mi wọ ọkọ̀. Mo hun ogún, mo hun ogójì, mi ò wo ibi tí ìwọ̀ ń wọ̀ mọ́. Obìnrin tó jókòó tì mí ń sùn. Ìborùn tirẹ̀ ní wajawaja létí. Nígbà tí a dé Adébáyọ̀, ó ní òun fẹ́ sọ̀. Ó sọ̀, èmi náà sọ̀ tipátipá. Mo ti hun ìborùn rẹ̀ mọ́ tèmi.

"Bàbá," ó ní, "ṣé ẹ fẹ́ bá mi délé ọkọ mi ni?"

Mo ń ṣàlàyé, kò dúró gbọ́. Ó yọ búléèdì nínú báàgì rẹ̀, ó gé ara rẹ̀ kúrò lára mi, ó gé òwú mi mọ́ ọn. Ká tó pajú, ọkọ̀ ti gbé ìyókù wúùlù mi lọ. Mo ki ìborùn bọ inú àpò ọ̀rá láìso ẹnu rẹ̀, ìdí òwú ń jò lẹ́nu àpò bí ìrù eku, mo sì fẹsẹ̀ rìn lọ sí Ọjà Ọba.

Níbi tí ìlà àwọn ẹlẹ́gaàrí ti bẹ̀rẹ̀ ni ìdí òwú ti há mọ́ ìṣó àtẹ kan. Mi ò mọ̀. Mo ti rí Ìyá Dúpẹ́ lọ́ọ̀ọ́kán, ó ń fi kóńgò wọn gaàrí fún ẹnì kan, ẹsẹ̀ mi sì kọ̀. Mo kọjá bí ẹni tí kò rí i. Mo gba ẹ̀yìn ìsọ̀ rẹ̀ yọ, mo ní ó yá, mo tún kọjá. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo yí i po bí ẹni tó fẹ́ jí adìẹ. Gbogbo ìgbà yẹn, ìborùn ń tú nínú àpò, ọ̀sẹ̀ kan tẹ̀ lé ọ̀sẹ̀ kan, àpò sì ń fúyẹ́. Mo ní ọkàn mi ló ń fúyẹ́.

Ẹsẹ̀ tó kọ̀ láti yà sọ́dọ̀ ìyàwó mi kò kọ̀ láti yà sọ́dọ̀ ìyá alágbo ní ìparí ìlà. Kò bi mí ní nǹkan kan. Ó da ife kan, ó gbé e síwájú mi. Egbò igi ni wọ́n ń pè é, ṣùgbọ́n ẹni tó bá mọ ògógóró yóò dá a mọ̀ bó tilẹ̀ wọ agbádá. Mo yára ki ọwọ́ bọ àpò láti hun ogún ojú. Ìwọ̀ nìkan ni mo bá níbẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni ọjà dákẹ́. Ọjà tó dákẹ́ lọ́sàn-án gangan ń bani lẹ́rù ju ariwo lọ. Mo yọjú. Òwú pupa ti yí ìsọ̀ Ìyá Dúpẹ́ po ní ìlọ́po mẹ́ta, ó gba ìdí àtẹ kọjá, ó wọ́ lọ sábẹ́ àpò gaàrí, kò sì sí ẹni tó mọ ẹni tó ta á síbẹ̀. Ẹ̀yin náà mọ bí a ṣe rí. Ta ni yóò ré irú rẹ̀ kọjá? Alábàárù kan tó gbé àpò ìrẹsì sórí ti gbé ẹsẹ̀ kan sókè kó tó rí i. Ó dúró bẹ́ẹ̀ bí lékeléke. Obìnrin aláṣọ funfun kan tó ń ta ata, tí wọ́n ń pè ní Ìyá Àdúrà, ti ń mi agogo, ó ń wọ́n omi. Wọ́n ní ẹnì kan ló fẹ́ di ọjà Ìyá Dúpẹ́. Ojú gbogbo wọn sì yí sí Ìyá Ìbejì, ẹlẹ́gaàrí tó wà ní òdìkejì, torí òun àti ìyàwó mi ti jà lórí oníbàárà lọ́jọ́ méjì sẹ́yìn. Ó ń sunkún, ó ń fi àwọn ọmọ rẹ̀ búra. Wọ́n ti di aṣọ rẹ̀ mú. Ìyá Dúpẹ́, tí mo mọ̀ pé ó ń fi ìgbálẹ̀ lé ejò, káwọ́ lérí láàárín òwú, kò lè jáde.

Ife wà níwájú mi. Bí mo bá mu ún, ara mi á balẹ̀, màá gba ẹ̀yìn jáde, Ìyá Ìbejì á sì jẹ ìyà òwú tí kò ta. Bí mo bá bọ́ síta, gbogbo ọjà á mọ ohun tí mò ń hun àti ìdí tí mo fi ń hun ún. Mo gbé ife náà. Mi ò ní purọ́ fún yín níbí yìí: mo gbé e, mo gbóòórùn rẹ̀, gbogbo ara mi dìde lọ pàdé rẹ̀. Ọwọ́ mi gbọ̀n, ìdajì rẹ̀ dà sí ṣòkòtò mi. Mo gbé ìyókù kalẹ̀, mo jáde.

Mo ní, "Ẹ fi obìnrin yẹn sílẹ̀. Èmi ni mo ni òwú."

Ìyá Àdúrà bi mí pé kí ni mò ń fi ṣe. Mo ní mò ń fi hun ìborùn. Wọ́n wo ara wọn. Mo rí i pé ọ̀rọ̀ náà ò tíì kún, mo sì sọ ìyókù: "Ọmùtí ni mí. Ọ̀sẹ̀ méje nìyí tí mi ò mu. Òwú yìí ni mo fi ń di ọwọ́ ara mi mú. Ìyàwó mi ni mo hun ún fún, ẹ̀rù ni kò jẹ́ kí n kí i."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín, ìyẹn sì burú ju ẹ̀rín lọ. Ìyá Dúpẹ́ ní kí n sún mọ́ ẹ̀bá òwú, kí n la ẹnu. Ó gbóòórùn ẹnu mi. Ó tún fín imú, ó wo ìsàlẹ̀.

"Ìgbà wo lo bẹ̀rẹ̀ sí fi ṣòkòtò mu ún?"

Ìgbà yẹn ni wọ́n rẹ́rìn-ín, títí kan Ìyá Ìbejì tí omijé ṣì wà lójú rẹ̀. Ṣùgbọ́n Ìyá Àdúrà ò rẹ́rìn-ín. Ó ní bó bá jẹ́ òótọ́, kí n hun ún kí wọ́n rí i. Wọ́n fi mí jókòó sórí àpò gaàrí. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n bí ewé ẹ̀gẹ́, kò sì sí ẹni tó fẹ́ fọwọ́ kan òwú náà láti gbé e fún mi. Ìyá Dúpẹ́ ló bẹ̀rẹ̀. Ó wá ìdí rẹ̀ rí, ó gbé e nílẹ̀, ó fi lé mi lọ́wọ́.

Ojú kìn-ín-ní yọ̀ bọ́. Èkejì yọ̀ bọ́. Ẹ̀kẹta dúró. Àwọn obìnrin bẹ̀rẹ̀ sí kà á, ẹẹ́rin, aárùn-ún, ẹẹ́fà, òwú sì ń kúrò nílẹ̀ ọjà díẹ̀díẹ̀, alábàárù gbé ẹsẹ̀ kejì kalẹ̀. Nígbà tí wọ́n ka ogún, ọwọ́ mi ti dúró jẹ́ẹ́. Èmi kọ́ ni mo kọ́kọ́ rí i. Ìyá Dúpẹ́ ni, ojú rẹ̀ ò kúrò lára àwọn ìka mi.

"Mo ti rí i," ó ní. "Mi ò tíì ní mò ń bọ̀ ní ulé o. Lọ parí ẹ̀ ná, kí o sì so ó."

Oṣù kan lẹ́yìn náà ni ó kó ẹrù rẹ̀ padà sí Ìyìn. Kò fi ìborùn náà bora rí. Igbá gaàrí ló fi ń bò, torí eṣinṣin. Ó ní òwú kọ́ ló mú òun wálé. Ó ní ogójì ọdún ni òun fi bá mi gbé, ọjọ́ yẹn ni òun kọ́kọ́ gbọ́ tí mo sọ pé èmi ni, láìjẹ́ pé wọ́n ti ká mi mọ́ ọn.

Ohun tí mo rí kọ́ nìyẹn: ohun tí èèyàn bá ń fi pamọ́, ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ni yóò fi tú u ká ọjà, ọrùn ẹlòmíràn ni yóò sì lọ há sí. Kó yáa tètè sọ ọ́. Òùngbẹ ò tíì fi mí sílẹ̀ o; ó wá láàárọ̀ yìí gan-an, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo gbé bírò sílẹ̀ láti hun ogún ojú. Ìyá Dúpẹ́ ti gba ìwé yìí kà, ó ní irọ́ pọ̀ jù nínú rẹ̀, kí n pa ìdajì rẹ́. Mo bi í pé ìdajì wo. Ẹ̀rín ló ń rín. Èmi náà ń rín in, ṣùgbọ́n tèmi ṣì ń ta mí lára díẹ̀.