Orin Tí Etí Kan Ò Gbọ́ Rí

Ẹ bá mi kí Orísun Orin! Orúkọ tó sọ ara rẹ̀ nìyẹn, òun náà ló sì fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ gàdàgbà sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Orin kéékèèké ló ń kọ, orin àdáni, tó fi ń ta èèyàn lọ́rẹ. Bí o bá bímọ, ó ti dé. Bí o bá kó wọ ilé tuntun, ó ti ń gbé dùùrù gun àtẹ̀gùn bọ̀. Orin náà kì í ju ìṣẹ́jú méjì lọ. Ọ̀rọ̀ tó máa sọ ṣáájú rẹ̀ ló ń gba wákàtí kan.

Á wúkọ́ díẹ̀, á ní, "Etí kan ò gbọ́ orin yìí rí. Inú mi lọ́hùn-ún ló ti sun jáde."

Irọ́ ni o! Òkè yàrá rẹ̀ ni mò ń gbé, mo mọ ibi tó ti ń sun. Ògiri kan ló pààlà òun àti ṣọ́ọ̀bù aránṣọ, obìnrin yẹn ò sì lè ránṣọ kó má kọrin. Bí mo bá ń sọ̀kalẹ̀, mo máa ń rí Orísun láti ojú fèrèsé, tó lẹ etí mọ́ ògiri, tó ń kọ ọ́ sílẹ̀ wàrà-wàrà. Nígbà tí ọ̀fun dun aránṣọ, oṣù kan gbáko ni Orísun fi gbẹ. Ó ní òun ń sinmi ẹ̀mí.

Ó wá ku díẹ̀ kí ọ̀gá àgbà ilé-ìwé àdúgbò wa fẹ̀yìn tì. Wọ́n ní kí Orísun wá kọrin ìdágbére fún wọn lọ́jọ́ Sátidé, bó bá sì dùn, òun ni wọ́n máa fi ṣe olórí ẹgbẹ́ akọrin àdúgbò. Ẹ̀ẹ̀mejì ló gẹrun lọ́sẹ̀ yẹn.

Èwo ló jí? Èyí tí aránṣọ fi ń wọṣọ fún màmá rẹ̀, tó sì fi ń bọ́ ọ lára wọn. Màmá ti darúgbó, wọ́n ti ń gbàgbé nǹkan. Ọmọ tí wọ́n bí ni wọ́n ń pè ní ẹ̀gbọ́n. Wọn kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan aṣọ wọn, àfi bí wọ́n bá gbọ́ orin yìí:

Ọwọ́ ọ̀tún dà? Òun nìyí, wọlé.
Ọwọ́ òsì dà? Má dá a dúró.
Orí yọ, ojú yọ,
Màmá mi ti múra tán.

Lọ́jọ́rú, Orísun wọ ṣọ́ọ̀bù.

"Ẹ káàsán mà. Orin ọwọ́ ọ̀tún yẹn, ẹ má kọ ọ́ mọ́. Mo ti forúkọ mi sí i."

"Orin tí mo fi ń wọṣọ fún màmá mi? Ṣé ẹ̀yin náà máa ń wọṣọ fún wọn ni?"

"Mo ní ẹ má kọ ọ́ mọ́, títí láé. Ẹ rántí pé ẹ̀gbọ́n mi ló nilé tí ẹ ń gbé yìí o."

Ó parí. Obìnrin náà ò kọ orin náà mọ́. Láti ọjọ́ náà ni màmá ti wà nínú aṣọ àwọ̀sùn, tí wọ́n ká ọwọ́ mẹ́jèèjì mọ́ àyà. Mo bá aránṣọ lórí àtẹ̀gùn tó ń sunkún.

"Ẹnu mi ni wọ́n ń wò," ló ń sọ. "Orin ni wọ́n ń retí."

Inú bí mi débi pé ó kù díẹ̀ kí n lọ fọ́ dùùrù yẹn.

Nígbà tó di Sátidé, gbọ̀ngàn ilé-ìwé kún fọ́fọ́. Aránṣọ ló rán aṣọ tí ọ̀gá àgbà wọ̀, ó gbọ́dọ̀ wá, kò sì lè fi màmá nìkan sílé. Ó fi aṣọ ìbora bo aṣọ àwọ̀sùn wọn, wọ́n jókòó níwájú. Orísun bọ́ kóòtù funfun rẹ̀, ó fi kọ́ ẹ̀yìn àga, ó ní etí kan ò gbọ́ orin yìí rí, ó sì tẹ dùùrù.

"Ọ̀gá àgbà dà? Òun nìyí, ó dé…"

Màmá gbé ọwọ́ ọ̀tún sókè.

Aṣọ ìbora já bọ́. Wọ́n dìde, wọ́n wá aṣọ tí wọ́n máa wọ̀, ojú wọn bọ́ sórí kóòtù. Ọwọ́ ọ̀tún wọlé, tòsì tẹ̀ lé e. Wọ́n fi ohùn gooro kọ orin wọn dé ìparí, "Màmá mi ti múra tán!" Gbogbo gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣí òrùlé.

Ọ̀gá àgbà ní, "Ọ̀gbẹ́ni, ṣé orin ìwọṣọ lẹ fi ń dágbére fún mi ni?"

"Ẹ bá mi gba kóòtù mi!" Orísun fà á, màmá dì í mú gírígírí.

"Ẹ má fà á," aránṣọ ní. "Wọn ò ní bọ́ ọ láìsí orin. Ẹ kọ ọ́ fún wọn, ṣebí ẹ̀yin lẹ ni ín."

Orísun kọ ọ́. Màmá tún de bọ́tìnnì kan sí i. Ó tún un kọ, wọ́n de gbogbo èyí tó kù.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ bá mi kọ ọ́."

"Orin ta ni?" ọ̀gá àgbà bèèrè.

"Orin… orin wọn ni."

"A ò gbọ́!" ni wọ́n ké láti ẹ̀yìn.

"Mo ní orin wọn ni! Àtọdúnmọ́dún, gbogbo ẹ̀ pátá, orin wọn ni!"

Ìgbà yẹn ni aránṣọ kọrin, omi ń bọ́ lójú ẹ̀. Bí màmá ti gbọ́ ohùn ọmọ wọn, wọ́n bọ́ kóòtù wẹ́rẹ́. Wọ́n wá rí Orísun tó dúró nínú ṣẹ́ẹ̀tì, tó ń làágùn, àánú rẹ̀ sì ṣe wọ́n.

"Ọmọ yìí, ta ló fi ẹ́ sílẹ̀ láìwọṣọ?"

Wọ́n na kóòtù sí i. "Ọwọ́ ọ̀tún dà?"

"Òun nìyí, wọlé!" ni gbogbo gbọ̀ngàn dáhùn.

Orísun wo ilẹ̀kùn, ó jìnnà. Ló bá gbé ọwọ́ ọ̀tún sókè.