Oògùn Tó Yá Jù

Nínú yàrá kékeré kan ní ilé ìwòsàn ìjọba ní Mushin, Nọ́ọ̀sì Fúnlọ́lá ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún Táòfíkì, tó ń ta ẹ́ńjìnnì mọ́tò ní Ládìpọ̀, pé kòkòrò HIV wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Táòfíkì sunkún díẹ̀, ó nu ojú. Fúnlọ́lá yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa, ó wá gbé ike oògùn síwájú rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹyọ kan lójúmọ́. Ẹ bẹ̀rẹ̀ lónìí, ẹ ó darúgbó."

"Lónìí kẹ̀? Ṣé mo ti fẹ́ kú ni?"

"Ẹ ò tíì fẹ́ kú. Ìdí nìyẹn tí a fi ń tètè bẹ̀rẹ̀."

"Èló ni?"

"Ọ̀fẹ́ ni."

Táòfíkì fa àga sẹ́yìn. "Ọ̀fẹ́, ó tún yá. Ẹ́ńjìnnì tí wọ́n bá ń kánjú gbé fún èèyàn báyìí, ó ní ohun tó ń ṣe é."

"Ṣé kí n sún un di oṣù mẹ́ta sí i, kó lè níyì lójú yín?"

"Ẹ wò ó, Àǹtí, mo mú ìyá mi wá síbí léṣìí. Káàdì lásán gba ọ̀sẹ̀ kan, wọ́n tún bú wa kí wọ́n tó fún wa. Ẹ̀yin wá ń pè mí ní Ẹ̀gbọ́n, ẹ ń rẹ́rìn-ín. Kí lẹ ń fi pamọ́? Màá padà wá ní Mọ́ńdè."

Ọwọ́ Fúnlọ́lá dúró lórí ike. Aláìsàn kan ti sọ Mọ́ńdè fún un lọ́dún tó kọjá, kò sì padà wá. Ogójì ọjọ́ ni Fúnlọ́lá fi gbààwẹ̀ nítorí ẹni yẹn. Káàdì aláìsàn náà ṣì wà nínú dúrọ́ọ̀, Fúnlọ́lá ò sì bi Ọlọ́run léèrè nípa rẹ̀ mọ́.

"Ó dáa. Ẹ bọ́ síta, ẹ lọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì."

Wákàtí kan kọjá. Fúnlọ́lá jáde, ó fajú ro.

"Ta ló na ẹsẹ̀ sójú ọ̀nà bíi pé pálọ̀ bàbá ẹ̀ nìyí? Ọ̀gbẹ́ni, etí ẹ di ni? Àbí kí n wá gbé ẹ pọ̀n? Wọlé jàre."

Ara tu Táòfíkì. Ó sáré wọlé, ó dọ̀bálẹ̀ díẹ̀. "Ẹ má bínú, mà."

"Omi rèé. Gbé e mì."

Ó gbé e mì.

"Ọ̀la ńkọ́?"

"Aago mẹ́jọ, mà. Lójoojúmọ́."

Fúnlọ́lá jókòó, ó mí kanlẹ̀. Táòfíkì dé ẹnu ọ̀nà, ó yíjú padà.

"Ìyàwó mi ń bọ̀ wá ṣàyẹ̀wò lọ́la. Olóríkunkun ni, mà. Ẹ bú u títí dé orí ìyá ẹ̀."