Ọpọ́n Ìdámẹ́wàá

Ọpọ́n oníke méjì ló wà ní àgbàlá Díákónì Ìdòwú ní Akpakpa. Ọ̀kan wà lábẹ́ páànù, omi rẹ̀ mọ́ gaara. Èkejì wà lábẹ́ igi máńgòrò, omi tirẹ̀ ti di àwọ̀ ewé. Tíṣà fẹ̀yìntì ni Díákónì, ọmọ Pobè. Ẹja wẹ́wẹ́ tí í bímọ láàyè bí ewúrẹ́ ló ń sìn, tí àwọn tó ní ẹja tí ń pa ẹja jẹ nínú àpótí dígí fi ń bọ́ ẹja wọn. Ní ọ̀sán Sátidé yìí, Rasidat, tó ń bá ọ̀gá kan tọ́jú ilé, wọlé pẹ̀lú garawa omi lọ́wọ́, ó bá a níbi tó ti jókòó ti ọpọ́n abẹ́ páànù bí ẹni tó jókòó ti òkú.

"Ẹ kú ọ̀sán, Bàbá Díákónì. Ogún ni mo wá mú."

Díákónì kò gbójú sókè. "Ogún tó ń lúwẹ̀ẹ́, àbí ogún tó léfòó?"

Rasidat yọjú sínú ọpọ́n. Gbogbo ẹja ibẹ̀ ló ti yí ikùn sókè.

Ó rọra gbé garawa sílẹ̀, ó ní ayé òun bàjẹ́ nìyẹn. Ọ̀gá òun tí ń báni yọ ẹrù ní pọ́ọ̀tù ń bọ̀ láti Niamey láàárọ̀ ọ̀la. Ẹja gbọọrọ inú àpótí dígí rẹ̀, tó ń pè ní Kọ́lónẹ̀lì, kò tíì jẹun láti ọjọ́ mẹ́rin tí Díákónì ti wà ní àgọ́ àdúrà. Ẹ̀ẹ̀mẹta lòun wá, àgádágodo ló dá òun lóhùn. Ẹni tó ń tọ́jú ilé náà ṣáájú òun, ọjọ́ tí ẹja kú lọ́wọ́ rẹ̀ ló dẹrù rẹ̀.

Díákónì ní kó ṣa òkú ẹja díẹ̀ lọ.

"Bàbá, ẹja tí kò bá sá fún un, kì í wò ó." Ó nawọ́ sí abẹ́ igi máńgòrò, níbi tí ẹja ti ń gbá yìn-ìn. "Tọ̀hún yẹn ńkọ́?"

"Ti Ọlọ́run nìyẹn."

Ó wá ṣàlàyé bí ẹni tó dúró níwájú kíláàsì. Òun ti jẹ́jẹ̀ẹ́ pé bí ẹja mẹ́wàá bá dàgbà, ọ̀kan di ti Ọlọ́run. Òun gbé àkọ́kọ́ lọ fún pásítọ̀, pásítọ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì kò ní odò, kí òun gbé wọn padà sílé. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti wà níbẹ̀, òun kò sì gbọdọ̀ tà wọ́n.

Rasidat bi í léèrè ohun tó fi ń tọ́jú wọn.

"Èmi? N kì í dé ìdí wọn. Àwọn tèmi ni mo ń lọ edé fún, tí mò ń pààrọ̀ omi wọn."

Rasidat ti ìka bọ omi abẹ́ páànù. Ìka náà ń dán nígbà tó yọ ọ́. "Kí lèyí, Bàbá?"

"Òróró àdúrà. Mo da ìdajì ìgò sí i kí n tó lọ, kí wọ́n lè bí sí i."

"Hẹn-ẹn. Ìyá mi ní Sèmè, bí tanwíjí bá kún inú àgbá omi, òróró ló ń dà sí i. Á bo ojú omi, wọn ò ní rí èémí mí mọ́."

"Ọmọ yìí, èyí kì í ṣe òróró àkàrà. Wọ́n ti gbàdúrà sí i."

"Ẹja ò mọ̀ ọ́n yàtọ̀."

Díákónì wo ọpọ́n abẹ́ páànù. Ọjọ́ mẹ́rin ló fi gbààwẹ̀ nítorí ọpọ́n yìí. Èyí tó ta òróró sí ló kú, èyí tó pa tì fún Ẹlẹ́dàá ló ń bí sí i. Ó rántí Jóòbù, ṣùgbọ́n kò sí ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí pé Jóòbù ló fọwọ́ ara rẹ̀ pa àgùntàn rẹ̀. Ó wo òkè bí ẹni tó fẹ́ béèrè nǹkan, ó sì gbé ìbéèrè náà mì.

"Bàbá, ta ni Ọlọ́run yín ní ìdámẹ́wàá tọ́ sí?"

Èyí rọrùn fún un láti dáhùn. "Ọmọ Léfì, àlejò, aláìníbaba àti opó."

"Àlejò ni Kọ́lónẹ̀lì. Bàálù ló gbé e dé. Kò mọ baba, kò mọ ìyá. Bóyá opó ni, ta ló mọ̀."

Díákónì wá àṣìṣe inú ọ̀rọ̀ náà bí ìgbà tó bá ń wo ìwé ọmọ ilé-ìwé. Kò rí.

"N kò tà á o," ó wí. "Àlejò ni mo fún."

Ó fi àwọ̀n gbọ́n ogún sínú garawa. Rasidat kúnlẹ̀, ó dúpẹ́. Bó ti ń dìde ni Díákónì fa ìgò yọ nínú àpò, ìdajì tó ṣẹ́kù ń mì nínú rẹ̀.

"Súnmọ́ mi, kí n ta díẹ̀ sí ọ lórí, nítorí ọ̀gá tó ń bọ̀ lọ́la."

Rasidat fi apá kan gbá garawa mọ́ra, ó fi ọwọ́ kejì bo imú, ó ń fẹ̀yìn rìn lọ sẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹ dúró lọ́hùn-ún gbàdúrà fún wa, Bàbá. Àwa mọ́kọ̀ọ̀kànlélógún là ń mí."