Ọ̀gá Atànbíòṣùpá àti Àwo Tó Ṣá

Ọ̀gá Atànbíòṣùpá ló fún ara rẹ̀ lórúkọ náà, nítorí ẹlòmíì ò jẹ́ fún un. Láràárọ̀ ló máa ń dúró síwájú dígí ibi ìfọwọ́ ní ilé ìwádìí, á máa ki ara rẹ̀: "Àtàrí àjànàkú, tí kì í ṣe ẹrù ọmọdé!" Ẹni tó bá fẹ́ fọwọ́ á ṣe sùúrù dìgbà tó bá ki ara rẹ̀ tán.

Àwo kékeré kan ló ń gùn ún. Sẹ́ẹ̀lì ọkàn ẹja ló wà nínú rẹ̀, tí wọ́n fi èròjà kan láti ara ẹ̀dá òkun aláìléegun sí. Bí wọ́n bá tan iná aláwọ̀ àlùkò sí i nínú òkùnkùn, sẹ́ẹ̀lì tó ń ṣàìsàn á máa dán ní àwọ̀ ewé tútù. Ìyá Ìbejì, oníwàádìí tó wà lábẹ́ Ọ̀gá, ló fi odidi ọdún ṣe é. Ṣùgbọ́n ìgbìmọ̀ ń bọ̀ wá yan olórí ilé ìwádìí, Ọ̀gá sì ti lẹ orúkọ tirẹ̀ nìkan mọ́ àwo náà.

"Ọ̀gá, orúkọ tèmi ńkọ́?"

"Ọmọ tí wọ́n bá bí nínú ilé mi, ta ni bàbá ẹ̀?"

"Ó dáa, sà. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ má máa tan iná sí i lásán. Iná tó ń mú un dán náà ló ń jẹ ẹ́. Tó bá pẹ́ lábẹ́ ẹ̀, á ṣá."

"Ṣé ìwọ lo fẹ́ kọ́ mi níṣẹ́?"

Télọ̀ rẹ̀ wá kí i, Ọ̀gá tan iná. Àna rẹ̀ wá, ó tan iná, ó sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí wọ́n fi sọ̀rọ̀ àwọn ọmọ tán. Bí àlejò ò bá sí, á tan án fún ara rẹ̀, á sì pàtẹ́wọ́.

Ìgbìmọ̀ dé. Màmá àgbà kan tí kì í rẹ́rìn-ín ni alága wọn.

"Ohun tójú ò rí rí, ojú yín máa rí i lónìí!" Ọ̀gá pa iná yàrá, ó tan aláwọ̀ àlùkò.

Àwo náà ṣú dùdù.

"Ó ń tijú ni," Ọ̀gá sọ, ó sún iná mọ́ ọn.

"Mo rí nǹkan tó ń dán," Alága ní.

"Ẹ ṣeun, Mà! Mo ti sọ!"

"Kóòtù funfun yín ni. Ọṣẹ tí wọ́n fi fọ̀ ọ́ dáa gan-an."

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín.

"Ẹ ṣe òmíràn fún wa," Alága ní. "Báwo lẹ ṣe ṣe èyí?"

Ọ̀gá rọra tẹ̀ sétí Ìyá Ìbejì tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀: "Àbúrò mi àtàtà, dákun, báwo la ṣe ṣe é?" Ọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ni, ṣùgbọ́n yàrá ti dákẹ́ rọ́rọ́, gbogbo ìgbìmọ̀ ló gbọ́.

Ìyá Ìbejì mú àwo mìíràn jáde látinú àpótí tó ṣókùnkùn, ó gbé e síbi iná. Àwọ̀ ewé tútù là kedere. Bí wọ́n ti ń pariwo ìyanu ló yára dé e padà.

"Ta ló ṣe é?" Alága béèrè.

"Èmi ni, Mà."

"Nígbà náà, ìwọ la óò bá sọ̀rọ̀."

Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Ọ̀gá rò pé òkùnkùn á bo òun, ló bá ń fara mọ́ ògiri lọ sẹ́nu ọ̀nà. Ṣùgbọ́n iná aláwọ̀ àlùkò, tó ń mú aṣọ funfun dán, ṣì wà níbẹ̀, kóòtù rẹ̀ ń tàn yòò, gbogbo ọrùn sì ń yí tẹ̀ lé e. Ó dé ibẹ̀, ó fa ilẹ̀kùn. Ó tún fà á tagbáratagbára.

"Ẹ tì í síta, Ọ̀gbẹ́ni," Alága ní. "Gbogbo wa la ń rí yín."