Ibo Ni Ìyàwó Wọlé Sí?

Ọ̀sán Jímọ̀ ni, nínú ṣọ́ọ̀bù onídìrí. Àǹtí ń fi òòyà tú irun àtọwọ́dá. Àbúrò rẹ̀, tí àdúgbò ń pè ní Ọ̀jọ̀gbọ́n, jókòó ti kọ̀ǹpútà, ó ń tún ètò àwọn oníbàárà tọ́jọ́ kejì ṣe lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ìyàwó kan tó fẹ́ ṣègbéyàwó ló gba aago mẹ́sàn-án, àmọ́ ìyá ọkọ rẹ̀ ní òun ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ jókòó.

"Ṣé o ti gbé ìyàwó lọ sí mọ́kànlá?"

"Ó ti parí, Àǹtí. Àṣẹ méjì péré ni. Èkíní: ẹni tó bá wà ní mẹ́sàn-án, kọ ọ́ sí mọ́kànlá. Èkejì: kọ ìyá ọkọ sí mẹ́sàn-án. Nẹ́tíwọ̀kì ò dá mi lóhùn, ni mo bá tún fi méjèèjì ránṣẹ́."

"O tún un rán? Ṣé kò léwu?"

Ọ̀jọ̀gbọ́n rẹ́rìn-ín ọ̀mọ̀wé. "Ẹ kọ ìyá ọkọ sí mẹ́sàn-án lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, ṣé kì í ṣe ìyá ọkọ náà ni?"

"Òun ni."

"Ẹ mú ẹni tó wà ní mẹ́sàn-án, ẹ kọ ọ́ sí mọ́kànlá lẹ́ẹ̀mẹ́wàá ńkọ́?"

"Ẹni náà ni."

"Èkíní ò léwu, èkejì ò léwu. Ewu wá gba ibo wọlé?"

Àǹtí yọjú wo kọ̀ǹpútà. "Mẹ́sàn-án: ìyá ọkọ. Mọ́kànlá: ìyá ọkọ. Ìyàwó dà?"

"Ó yẹ kó wà níbẹ̀..."

"Wò ó. Tí omi bá wà nínú bàsíà, tí mo ní kí o fi ohun tó wà nínú rẹ̀ ṣan orí oníbàárà, lẹ́yìn náà kí o po aró irun sínú bàsíà yẹn, kí lo fi ṣan orí?"

"Omi."

"Tún un ṣe látìbẹ̀rẹ̀."

"Mo fi... yéè! Aró!"

"Ohun tí o fi ṣan ìyàwó nù nìyẹn. Ọgbọ́n àgbọ́njù ní ń pa òdù ọ̀yà. Nọ́ńbà rẹ̀ ńkọ́?"

"Ẹ̀gbẹ́ orúkọ rẹ̀ ló wà. Ó ti bá a lọ."

Àǹtí ju òòyà sílẹ̀. "Ọmọ ọlọ́mọ á lọ sígbéyàwó láìdirí! Ta ló tún máa gbé orí fún mi láàdúgbò yìí?"

"Ẹ jẹ́ n tún un rán, bóyá á tọ́."

"Yọwọ́ níbẹ̀!"

Fóònù Àǹtí dún. Àtẹ̀jíṣẹ́ ìyá ọkọ ni. Ó kà á sókè: "'Ẹ ní kí n wá ní mẹ́sàn-án, ẹ tún ní kí n wá ní mọ́kànlá. Orí kan ṣoṣo ni mo ní.'" Ó na fóònù sí àbúrò rẹ̀. "Òun ló mọ nọ́ńbà ìyàwó ọmọ rẹ̀. Pè é. Kọ́kọ́ bẹ̀ ẹ́."

Ọ̀jọ̀gbọ́n pè é, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ̀bálẹ̀ fún fóònù. "Ẹ jọ̀ọ́ Mà, ẹ má bínú." Ó fọwọ́ bo fóònù. "Àǹtí, wọn ò dá mi lóhùn. Mi ò mọ̀ bóyá ẹ̀bẹ̀ náà dé ọ̀dọ̀ wọn."

"Ìyẹn ni kí o máa tún rán, títí ilẹ̀ á fi ṣú. Kò léwu."